Ohùn Tí Kò Sunkún

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Dọ́kásì ń gún ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí àwòdì onírin kan bà sórí ògiri. Ó rò pé epo tàbí oògùn ni wọ́n fi rán an sí aládùúgbò, nítorí náà kò gbójú sókè. Ohùn tó jáde láti inú rẹ̀ ló mú kí ọmọ odó dúró lókè.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Ìbídùn ni. Ó dùn mí láti sọ fún yín pé mo kú láàárọ̀ yìí ní ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò jẹ̀rora púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ara yín láàmú.”

Lẹ́yìn náà ni ohùn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí Ìbídùn máa ń fi pa ọ̀rọ̀ dé.

Láyé àtijọ́, wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ wá bí ẹni tó wá kí ni. Wọn yóò béèrè omi mu, wọn yóò sọ̀rọ̀ òjò, wọn yóò sọ̀rọ̀ iṣu, wọn yóò wá ní ara ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá yóò máa fura. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá fi máa yé e, ọwọ́ á ti wà nítòsí tí yóò gbá a mú kó má ṣubú. Ṣùgbọ́n Ilé-Ohùn, àwọn tó ń gba ohùn ènìyàn pamọ́, ti ní kò sí ẹni tó yẹ kó sọ ikú ènìyàn ju ẹni náà fúnra rẹ̀ lọ, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i.

Dọ́kásì ṣe ohun tí abiyamọ yóò ṣe. Ó dáhùn.

“Ìbídùn? Kí ló ń ṣe ọ́? Wá sílé, ọmọ mi. Wá sílé o!”

“Mo dúpẹ́, Màmá. Mo ń bọ̀,” ni ohùn náà wí, àwòdì sì gbéra.

Ìgbà náà ni Dọ́kásì tó rántí òfin tí gbogbo ìlú Ayégbàmí mọ̀: ẹni tí ohùn òkú bá bá sọ̀rọ̀, tí ó bá dá a lóhùn, ó ti gbà á sílé nìyẹn. Ó di ara odó mú, ó sì bì títí kò fi sí ohun kan níkùn rẹ̀ mọ́.

Ó ti bu eérú bo ibẹ̀ nígbà tí Fìyìn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbídùn bí, ti ilé-ẹ̀kọ́ dé.

“Màmá àgbà, ta ló wá? Mo rí àwòdì lókè.”

“Àwòdì náà ni.”

“Kí ló gbé wá?”

Dọ́kásì gbé ọmọ odó padà. “Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ ti gbé e síwájú sí i. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.”

Kí ọmọ jẹun ná, ni ó wí fún ara rẹ̀. Kí ilẹ̀ mọ́ ná. Kí ọjọ́ ìdánwò kọjá ná. Irọ́ tí a bá fi “ná” bo òrùlé rẹ̀ kì í tètè jò.

*

Fìyìn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ ìyá àti ìyá-ìyá gbogbo ewúrẹ́ tó wà ládùúgbò, bí ó bá sì gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan, ó lè sọ ọ́ padà pẹ̀lú ikọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ìwé ni kò gbọ́ tirẹ̀. Orí dígí ni wọ́n ti ń kàwé báyìí, bí Fìyìn bá sì wò ó, àwọn lẹ́tà kì í dúró.

“Wọ́n ń sá,” ni ó máa ń wí, “bí ìjàlọ tí a da omi gbígbóná sí láàrin.”

Ògiri tó ń sọ̀rọ̀ ni olùkọ́ wọn. Gbólóhùn kan náà, ohùn kan náà, ni ògiri náà máa ń fi dá a lóhùn: Tún un kà. Tún un kà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́wàá láìlè ka ojú ìwé kan fúnra rẹ̀, Ìgbín ni wọn yóò fi sí i létí. Ìgbín ni yóò máa kàwé fún un títí ọjọ́ ikú. Ohùn ẹbí rẹ̀ kan ni wọ́n sì máa ń fi sínú rẹ̀, kí ọmọ má bàa bẹ̀rù. Fìyìn ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá, Dọ́kásì sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ohùn Ìbídùn sílé.

“Ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n fi sí ọmọ létí, Ìyá Ìbídùn,” ni Ìyá Rúùtù, obìnrin ilé kejì, wí lọ́jọ́ kan tó wá yá asẹ́. “Ẹ wo Rúùtù tèmi. Ṣé kò ń kàwé ni?”

“Rúùtù kọ́ ló ń kà á. Bàbá ọkọ yín ni.”

“Ẹnu yín mú ṣá! Rúùtù, gbé agolo yẹn, kà á kí Màmá gbọ́.”

Rúùtù gbé agolo wàrà síwájú ojú. Kò ya ẹnu. Ẹ̀yìn etí rẹ̀ ni ohùn àgbàlagbà kan ti jáde wá. Ó kọ́kọ́ wúkọ́, ó ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́fun: “Wàrà… ẹ̀hẹ́m… wàrà olómi. Ẹ̀yin ọmọ mi, Ọṣẹ Eyín-Funfun ni mo fi ń fọ ẹnu o.”

“Bàbá tí kò ní eyín kan lẹ́nu tó fi kú!” ni Dọ́kásì wí.

Ìyá Rúùtù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. “Ẹ jẹ́ ẹ o jàre, ìpolówó ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Orín ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn rún. Bí ẹ bá fi ọṣẹ hàn wọ́n, wọn á ní ẹ fẹ́ pa àwọn ni!”

Dọ́kásì kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí ọmọ náà. Ó rí bí ìgbín tí wọ́n yọ kúrò nínú ìkarahun, ó tutù, ó ń yọ̀, ó sì ń mí. Awọ ara tó yí i ká ti funfun bí awọ abẹ́ aṣọ tí a fi di egbò.

“Ó máa ń yún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀,” ni Rúùtù wí. Ó fi ìka nù ún, ó sì nu ìka náà sára aṣọ rẹ̀.

Itọ́ kún ẹnu Dọ́kásì. Ó gbé e mì, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni.

*

Fìyìn fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà, kò sì mọ̀. Ó lóṣòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ní àárọ̀ Sátidé kan, ó ń wo èèrà.

“Màmá àgbà, ẹ wá wò ó. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ níta, wọ́n ń gun ara wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ẹnu ihò yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé. Mo ń rí ojú ẹni kọ̀ọ̀kan wọn.”

Dọ́kásì dúró tì í títí. Aránṣọ ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ó ti kọ́ ọ, tòun ti ìwé kíkà, nígbà tí ìwé ṣì jẹ́ ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣí. Ó wọlé, ó fa kóòtù àtijọ́ kan tí kòkòrò ti jẹ létí yọ, ó gé èyí tó dára nínú rẹ̀, ó la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín rẹ̀, ó sì fi òwú ká etí ihò náà bí ẹni ń ṣe ihò bọ́tìnnì. Ó tẹ́ ẹ lé orí dígí. Gbogbo àwọn lẹ́tà parẹ́ àfi ìwọ̀nba tó yọjú nínú ihò.

“Jẹ́ kí àwọn yòókù máa sá níta,” ni ó wí. “Ta ló dé ẹnu ọ̀nà?”

Fìyìn wò ó. Ó sún mọ́ ọn, ó tún un wò. “I… lé. Ilé.”

“Ta ló tẹ̀ lé e?”

Ó fa aṣọ náà síwájú. “Wa.” Ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. “Ilé wa!”

Kì í ṣe pé ó wá rọrùn. Ọjọ́ mìíràn wà tí Fìyìn yóò ju aṣọ náà sínú ààrò tútù, tí yóò sì padà lọ yọ ọ́, tí àwọn méjèèjì yóò jọ gbọn eérú rẹ̀ dànù láìsọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń lọ síwájú, títí di ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu láti Ilé-Ohùn wá sọ ọjọ́ ìdánwò. Láti ọjọ́ náà ni Fìyìn ti bẹ̀rẹ̀ sí kọsẹ̀. “Ilé” tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ mọ́. Dọ́kásì bínú sí ara rẹ̀, ó bínú sí dígí, ó bínú sí orí tó dá ọmọ. Àfi ìgbà tó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá tó gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́yìn agbo ewúrẹ́.

“Oúnjẹ… ẹran… ọ̀sìn,” ni ohùn náà ń kà lára àpò èèpo iṣu. “Má… fi… sínú… òjò.”

“Fìyìn, o mọ̀ ọ́n kà.”

Ọmọ náà fi aṣọ pamọ́ sẹ́yìn. “N kò mọ̀ ọ́n, mà.”

“Mo gbọ́ tí o ń kà á fún ewúrẹ́.”

“Ewúrẹ́ kì í ṣe ìjọba.”

Bí kì í bá ṣe pé ọkàn Dọ́kásì ti ń já, ìbá rẹ́rìn-ín. “Kí ló dé tí o fi ń ṣe báyìí?”

Fìyìn ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ohùn Màmi ni wọ́n fẹ́ fún mi. Bàbá Dẹ̀hìndé, ọmọ kíláàsì wa, ń ṣiṣẹ́ lórí omi, wọ́n yá Dẹ̀hìndé ní ohùn wọn, ó sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Màmi bá wà létí mi, n óò máa bi wọ́n léèrè ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀.” Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ le. “Ẹ̀yin ti bá wọn gbé pẹ́. Èmi ò tíì bá wọn gbé tó.”

Ewúrẹ́ jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ lọ. Dọ́kásì dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni tó tẹ nǹkan tó ti rà. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ yìí yóò máa bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá alààyè sọ̀rọ̀, òkú yóò máa ta ọṣẹ fún un, yóò sì máa béèrè lójoojúmọ́ ọjọ́ tí ìyá òun ń bọ̀. Bí ó bá sì sọ ọ́, òun náà ni yóò di àwòdì orí ògiri.

Ó jókòó sórí àpótí. “Lọ bu omi wá fún mi.”

Fìyìn bu omi wá. Dọ́kásì mu díẹ̀ nínú rẹ̀.

“Òjò ọdún yìí pẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Iṣu kò ní ta dáadáa.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. “Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò?”

“Sún mọ́ mi.” Ó na ọwọ́, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ náà wà nítòsí. “Ara ìyá rẹ kò le, Fìyìn. Kò le rárá. Àìsàn náà gbé e dé ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í padà.”

Fìyìn kò ké. Ó dúró bí ẹni tó ń dúró kí gbólóhùn náà parí.

“Ìgbà wo?”

“Ọjọ́ tí o bá eérú nílẹ̀.”

“Ẹ ní wọ́n ní kí ẹ kí mi.”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Òun kò sọ ọ́.”

“Ta ló wá wá sọ fún yín?”

Èyí ni Dọ́kásì kò fẹ́ kí ó béèrè. “Ohùn rẹ̀ ni. Àwòdì ló gbé e wá.”

“Kí ló wí? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, láti “ẹ kú iṣẹ́ o” dé òpin. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí bu oúnjẹ tó ti kan sẹ́nu ọmọ.

“Ṣé ó sunkún?” Kò pè é ní “wọ́n” mọ́.

“Kò sunkún. Ó rẹ́rìn-ín.”

Fìyìn rò ó títí. “Bí adìẹ bá kú, Màmi máa ń sunkún,” ni ó wí. Ó mú etí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí nu ẹ̀yìn etí ara rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń fi agbára nù ún, bí ẹni pé nǹkan kan ti bà síbẹ̀ rí. Nígbà tí ẹkún náà wá dé, ọwọ́ wà nítòsí tó gbá a mú.

*

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu mọ́ tónítóní. Òórùn òdòdó tí kò hù lórí ilẹ̀ kankan ló ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó gbé abọ́ funfun kan tó ní ọmọrí lọ́wọ́.

“Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Màmá,” ni ó wí, ó sì ṣí abọ́ náà. Nínú omi tó ń fà yọ̀ọ́yọ̀ọ́ ni Ìgbín náà wà. Afẹ́fẹ́ kàn án, ó gbọn ara. “Ẹ wò ó! Ó ti mọ̀ pé òun délé.”

“Fìyìn, ọmọ dáadáa,” ni ohùn Ìbídùn wí láti inú omi. “Ṣé o ti jẹun? Ọbẹ̀ tí a fi iyọ̀ Adùnjù sè…”

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ni Fìyìn wí, “ẹ fi ọmọrí dé e. Mo fẹ́ kàwé.”

Ọkùnrin náà wo Dọ́kásì, ó wo ọmọ, ó dé abọ́. Ó gbé dígí ìdánwò sílẹ̀. Nígbà tí ó rí aṣọ Fìyìn, ó gbà á, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

“Ẹ̀rọ wo lèyí? Láìsí ẹ̀rọ ni òfin wí.”

“Ihò bọ́tìnnì ni,” ni Dọ́kásì dáhùn. “Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ẹ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù yín.”

Ó dá aṣọ padà, ètè rẹ̀ fún.

Ojú ìwé tí wọ́n yàn ni ìlànà ìtọ́jú Ìgbín fúnra rẹ̀. Fìyìn tẹ́ aṣọ lé e, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú odò. “Ìgbín… ń jẹ… ooru… ara… rẹ. Má… ṣe… fi iyọ̀… kàn án. Bí ó bá… ti… lẹ̀… a kò… lè… yọ ọ́… mọ́.” Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀ sórí dígí. Lẹ́yìn etí Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, ohun tútù kan ń kà á tẹ̀ lé e wúyẹ́wúyẹ́ ní ohùn ìyá arúgbó kan. Ìgbà náà ni ó yé Dọ́kásì pé ọkùnrin náà kò lè ka ohun tó fi ń dán ọmọ wò.

“O kò… ní… nílò… láti kàwé. Ojú… rẹ… yóò… gb…”

Fìyìn dúró. Ó fa aṣọ sẹ́yìn, ó fà á síwájú. “Yóò gb…”

Abẹ́ ọmọrí ni ohùn náà ti dìde, ó rọ̀ bí òwú. “Ṣé kí n kà á fún ọ, Fìyìn mi?”

“Bí o bá fẹ́,” ni Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu wí jẹ́jẹ́, “dá wọn lóhùn.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó. “Ẹ̀n” ti tó. Dọ́kásì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó bu ara rẹ̀ jẹ nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó rí i tí ètè ọmọ náà là.

“Fìyìn mi? Màmi ni.”

Omi ń bọ́ lójú ọmọ náà, kò sì nù ún. Kò gbé ojú kúrò ní ihò aṣọ. “Gbà…” ni ó wí. “Gbà… gbé. Gbàgbé. Ojú rẹ yóò gbàgbé… lẹ́tà.” Ó mí kanlẹ̀. “Ó parí, sà.”

Ohun tó wà lẹ́yìn etí ọkùnrin náà sọ nǹkan kan fún un. Ó mi orí, ó tẹ àmì àṣeyọrí sórí dígí, ó gbé abọ́ rẹ̀.

“Ohùn yẹn ńkọ́?” ni Dọ́kásì béèrè.

“A ó pa á rẹ́ ni, Màmá. Ohùn tí kò bá rí etí, a kì í tọ́jú rẹ̀.”

Ọwọ́ Dọ́kásì nà fúnra rẹ̀ sí abọ́ náà. Ó rí ọwọ́ náà níta bí ọwọ́ alágbe. Ó kórìíra rẹ̀, ó dá a padà, ó sì dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì títí ọkùnrin náà fi kọjá ògiri.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yan àgbàdo. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, Dọ́kásì fi epo àti iyọ̀ pò ó, Fìyìn ń pọ́n ọn sínú ewé. Àádùn ni. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi gba ilé tí a kò tíì sunkún nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọjá, Fìyìn gbé igbá jáde lọ sí etí ọ̀nà. Ìyá àgbà rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin kékeré kan ló kọ́kọ́ yà. “Ta ló ní kí o fún wa?”

“Ìyá mi ní kí…” Fìyìn dákẹ́. Ó mú ẹyọ kan nínú igbá. “Rárá. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyá mi ti kú. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń pín in.”

Ọmọ náà pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, Fìyìn sì gbé e lé e lọ́wọ́.